Ọmọ Tí Kò Kí Oníṣẹ́

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé mi ní Ìkìrun nígbà tí ooru mú gan-an, tí òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀. AC inú yàrá wa ń fẹ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló ń fẹ́. Tó bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé á kú. Tó bá sinmi, á tún tan. Aládùúgbò kan ní gáàsì ló tán, díẹ̀ ló sì kù kí n sanwó gáàsì.

Ọ̀gá tó ń tún AC ṣe, tó wá láti Ìnísà, kò fẹnu kan gáàsì rárá. Ẹ̀yìn ilé ló gbà lọ, ó dúró, ó tẹ́tí sílẹ̀, ó ní, "Ìyá, fáànù ìta yìí ò yí." Ó ṣàlàyé fún mi pé ooru tí ẹ̀rọ náà bá kó nínú yàrá, ìta ló ń lọ dà á sí, fáànù yẹn ló sì ń fẹ́ ẹ dànù. Bí fáànù bá dúró, ooru á há mọ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ lára, òun náà á sì pa ara rẹ̀ kó má baà jóná. Ó pa iná, ó fi ọwọ́ yí fáànù náà. Tìkọ̀tìkọ̀ ló ń yí. Kàpásítọ̀ ló kọ́kọ́ pààrọ̀, nǹkan kékeré tó ń ran mọ́tò inú fáànù lọ́wọ́ láti gbéra, torí òun ló máa ń tètè bàjẹ́, owó rẹ̀ kò sì tó ti mọ́tò. Fáànù kò gbéra. Ìgbà tó wá tú mọ́tò fúnra rẹ̀, òórùn nǹkan tó jóná gba gbogbo ẹ̀yìn ilé. Eruku ọyẹ́ ti kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Háàfù kọ́ọ̀rẹ́ǹtì tí gbogbo wa mọ̀ yẹn náà kò sì jẹ́ kó sinmi: bí iná bá rẹlẹ̀, mọ́tò á máa tiraka, á sì máa gbóná.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe mọ́tò ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ọ̀gá náà mú ọmọṣẹ́ kan dání, ọmọdékùnrin tó lè fi ọdún méjì ju ọmọ mi lọ. Ọmọ mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà, fóònù lọ́wọ́. Kò sọ pé ẹ káàárọ̀, kò sọ pé ẹ kú iṣẹ́. Ọmọṣẹ́ yẹn ní kó jọ̀ọ́ fún òun lómi mu. Ọmọ mi kò gbójú sókè, ó ní, "Ẹ̀rọ omi wà lọ́ọ̀ọ́kán yẹn." Ojú tì mí. Mo pè é wọlé, mo bi í pé ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ ohun tó ṣe, ó ní, "Màmá, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ pé bí mi ò bá kàwé, ẹ máa mú mi lọ kọ́ṣẹ́?"

Òótọ́ ni. Èmi ni mo sọ ọ́, mo sì ti sọ ọ́ títí tó fi di orin. Ta ni nínú wa tí kò sọ ọ́ rí? Láti ìgbà tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, ti ní ọgbà ní Òkukù, yunifásítì ti dé ẹ̀bá ilé wa, a sì ń fi iṣẹ́ ọwọ́ dẹ́rù ba ọmọ bí ẹni fi egúngún dẹ́rù bà á. Òkukù kan náà ni olùwádìí Karin Barber gbé ní àwọn ọdún 1970, tó ń gbọ́ oríkì lẹ́nu àwọn obìnrin ilé. Ìwé tó kọ lórí oríkì náà jáde ní 1991. Ẹ sì wo oríkì wa: ẹni tí bàbá ńlá rẹ̀ rọ irin, irin la fi ń kì í, ẹni tí tirẹ̀ gbẹ́ ère, ère la fi ń kì í. Lọ́jọ́ ìyàwó, iṣẹ́ bàbá ni orí wa ń wú sí. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ọmọ bá gbé òdo wálé, iṣẹ́ kan náà la fi ń halẹ̀ mọ́ ọn. (Ọkọ mi, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ télọ̀, rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo sọ èyí fún un. Ẹ̀rín náà kò dùn mọ́ mi.)

Mo lé ọmọ mi jáde pé kó lọ tọrọ àforíjì, kó sì gbé omi dání. Ọ̀gá gba omi, ó bi í pé kí ni kàpásítọ̀ ń ṣe. Ọmọ mi kà á jáde bó ṣe wà nínú ìwé físíìsì, kò ṣi ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀gá ní, "Ó dáa. Èwo ni nínú èyí?" Ó wò yíká, kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n fi ti àtijọ́ hàn án nílẹ̀, ó na ọwọ́ láti gbé e. Ọmọṣẹ́ yẹn fi ìkánjú di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó fi irin súkúdíráfà kan ẹnu kàpásítọ̀ náà méjèèjì pọ̀, ó di ọwọ́ mú níbi tí rọ́bà wà: pàà! Iná ṣẹ́ yọ. Ó ní, "A ti pa iná o, ṣùgbọ́n ó ṣì mú díẹ̀ pa mọ́ sínú."

Ohun tí ọmọ mi ti kà, tó sì gba máàkì lé lórí, ni.

Ọ̀gá gbé mọ́tò àtijọ́ dání lọ sí Òṣogbo. Kì í ra tuntun látorí ìrántí, ó ní ìwọ̀n irin àárín rẹ̀ àti ihò tí wọ́n fi ń dè é gbọ́dọ̀ bára mu, ibi tó ń yí sí náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀nà òdì ni afẹ́fẹ́ máa gbà. Nígbà tí wọ́n padà dé lọ́jọ́ kejì, ọmọ mi ti wà lẹ́nu géètì. Ó pe ọmọṣẹ́ yẹn ní bọ̀dá. N kò rán an.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo bá ìwé ọmọ mi nílẹ̀ tí kò tíì ṣí, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbólóhùn ìhalẹ̀ yẹn ti dé ètè mi, mo gbé e mì. N kò tíì rí èyí tí màá fi rọ́pò rẹ̀.