Akọ Igi Tí Kò Rí Abo

Ní ọdún 1895, onímọ̀ ewéko kan, John Medley Wood, rí igi àjèjì kan nínú igbó Ngoye, ní ilẹ̀ àwọn Súlù ní Gúúsù Áfíríkà. Igi náà jọ ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀pẹ. Láti ìgbà náà, kò tíì sí ẹni tó rí irú rẹ̀ mìíràn nínú igbó. Èyí tó wá burú jù ni pé akọ ni.

Encephalartos woodii ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ó wà lára àwọn ewéko tí irúgbìn wọn wà ní ìhòòhò. Inú ọsàn ni hóró ọsàn ń gbé, inú èèpo ni ti ẹ̀wà. Irúgbìn àwọn tiwọn kò ní èso tó bò ó. Ara ohun kan tó rí bí ọ̀pẹ òyìnbó ló ti ń yọ. Igi akọ wà lọ́tọ̀, igi abo wà lọ́tọ̀. Bí ìyẹ̀fun akọ kò bá dé ara abo, kò sí ọmọ.

Ìran wọn ti pẹ́ láyé. Ewé àwọn ìbátan wọn tó ti di òkúta nínú ilẹ̀ fi hàn pé wọ́n ti wà láti ohun tó lé ní 250 mílíọ̀nù ọdún, kí òdòdó tó gba ayé kan. Dáínósọ̀ bá wọn gbé. Dáínósọ̀ lọ, wọ́n kù.

Kí ni ènìyàn wá ṣe sí ẹyọ kan yìí? Wọ́n yọ ọmọ ìdí rẹ̀, bí àgbẹ̀ ṣe ń yọ ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n sì gbìn ín káàkiri. Ọ̀kan ti wà ní ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1899. Ní 1916, wọ́n hú èyí tó kù nínú igbó lọ. Lóòótọ́, ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní í rọ́pò ọ̀gẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n akọ kan náà ni gbogbo wọn. Láìpẹ́ yìí, àwọn olùwádìí fi dúróònù wá abo lókè igbó Ngoye. Wọn kò rí i.

Ìbátan rẹ̀ kan wà nítòsí wa: Encephalartos barteri, tó ń hù ní Nàìjíríà, Benin, Tógò àti Gánà. Ìyẹn ṣì ní akọ, ó ní abo. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ìgbà tí nǹkan ṣì pé méjì ni à á ṣọ́ ọ; bó bá ti ku ẹyọ kan, ìtọ́jú kò lè sọ ọ́ di ìyá.