Àwo Mẹ́rin Tó Mú Wa Lọ́dún Yìí

Oṣù mẹ́jọ ti lọ nínú ọdún 2024, àwo orin tó sì ti jáde kò ṣeé kà tán. Ẹ máa ní kí ló kàn wá níbẹ̀. Ó kàn wá gan-an ni o. Àwa mẹ́ta ọmọ ìyá kan náà la jọ ń gbọ́ orin: ẹ̀gbọ́n wa obìnrin wà nílé pẹ̀lú màmá wa n'Ìbàdàn, ẹnì kan ń bẹ l'Ékòó, ẹnì kẹta wà ní Manchester. Òfin wa kò ju ẹyọ kan lọ: bí àwo bá jáde, a óò gbọ́ ọ láti orin àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, láìfo ọ̀kankan, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Ẹni tó bá yára sọ̀rọ̀ ló máa ra dátà fún màmá.

Ohun tí a rí lọ́dún yìí ni pé àwọn àwo tó wọ̀ wá lára jù, ohùn àgbà wà nínú wọn. Ẹyọ kan péré ni kò rí bẹ́ẹ̀, a ó sì sọ ìdí tí òun náà fi wọlé.

*The Year I Turned 21* ti Ayra Starr ló kọ́kọ́ dé, lọ́jọ́ 31 oṣù Karùn-ún. Ìlú Kùtọnu ni wọ́n ti bí Ayra, òun àti ọmọ ìyá rẹ̀ ọkùnrin, Milar, ló sì jọ kọ "1942" nínú àwo yìí. Ẹni tó ń wá ijó á rí ijó níbẹ̀, "Commas" nìkan tó ijó. Àmọ́ ibi tí a dúró sí ni "The Kids Are Alright", lápá ìparí. Bàbá Ayra ti di olóògbé, orin náà sì ń jíṣẹ́ fún un pé àwọn ọmọ wà dáadáa. A gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Bàbá tiwa náà kú ní 2022. Lọ́jọ́ tí a gbọ́ orin yìí, kò sẹ́ni tó rántí òfin kankan, torí kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn ni Tems gbé *Born in the Wild* jáde, odindi àwo rẹ̀ àkọ́kọ́. Ká sọ òótọ́, méjìdínlógún ti pọ̀ jù, àárín rẹ̀ sì falẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n "Love Me JeJe" nìkan tó owó dátà. Orin tí Seyi Sodimu kọ ní 1997, tí Shaffy Bello bá a gbè, ni Tems gbé dìde. Ará ibi iṣẹ́ kan bi ẹni Manchester wa pé kí ni wọ́n ń pè ní jẹ́jẹ́. Gẹ̀ẹ́sì kọ̀, kò wá. Ó bá fi ọwọ́ júwe ẹni tó ru omi kún dẹ́ńdẹ́ tí kò fẹ́ kó dànù. Ó yé oyinbo náà wàyí.

Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni olórin tó bá ń yá orin àtijọ́ lò. Àwa ò gbà. Bí ọmọ bá ń jẹ́ orúkọ ìyá rẹ̀, ta ló ń pè é lólè?

*HEIS* ti Rema, tó jáde ní oṣù Keje, ni a ṣì ń jà lé lórí. Orin mọ́kànlá, kò sì tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó fi tán. Lẹ́yìn tí "Calm Down" ti gbé e yí ayé ká, ì bá rọrùn fún un láti tún kọ irú rẹ̀. Rárá o. Ariwo ló gbé dé: ìlù ń sáré bíi dánfó tó ti kún tán, tí awakọ̀ kò fẹ́ tẹ bíréèkì. Ẹni Èkó ní àwo ọdún nìyí. Ẹni Manchester ní orí ń fọ́ òun. A kò gbọ́ ohùn ìyá ẹnikẹ́ni níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìlú rẹ̀ wà níbẹ̀: nínú "Benin Boys", òun àti Shallipopi, ọmọ Bìní bíi tirẹ̀, ń yangàn láìtọrọ gáfárà. Ẹni tí ọ̀nà tó dán ti là fún, tó tún yà gba inú igbó, ó yẹ ká dúró wò ó.

*Lungu Boy* ti Asake ló dé kẹ́yìn, lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹjọ, àwo kẹta láàárín ọdún mẹ́ta. Orúkọ tó ń jẹ́ yẹn gan-an, ti màmá rẹ̀ ni. Lọ́tẹ̀ yìí, ó pe àlejò: Stormzy àti Central Cee láti Lọ́ńdọ̀nù, Ludmilla láti Bùràsíìlì, Travis Scott láti Amẹ́ríkà. Àyà wa ń já pé kí àlejò má lọ gba ilé mọ́ onílé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nínú "Active" tí Travis Scott wà náà ni Asake ti fa "Raise Da Roof" wọlé, èyí tí Jazzman Olofin kọ pẹ̀lú Adewale Ayuba.

Màmá wa ń ro àmàlà lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa tẹ̀ ẹ́ sí i. Wọ́n yọjú tòun ti omorógùn: "Ṣé kì í ṣe orin Ayuba bàbá yín nìyẹn?"

Bàbá wa kì í fi Ayuba ṣeré. Páálí káséètì wọn wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án láti ìgbà tí wọ́n ti lọ. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni màmá ní kí ẹ̀gbọ́n wa fà á jáde. Wọ́n ń mú u lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ ibi tí bàbá ti rà á àti ẹni tí wọ́n jọ jó o. Ẹ̀gbọ́n wa gba ohùn wọn sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ s'Ékòó àti Manchester. Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún ni. A gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó tó di pé ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Oṣù mẹ́rin ṣì kù, àwo á sì tún jáde. Ní báyìí ná, rẹ́díò tó ń gba káséètì la ń wá kiri.