Ìdí tí ẹ ò fi rí wa ní ìṣọ́ òru mọ́

Àwọn kan ń bèèrè pé kí ló dé tí Pásítọ̀ àti Màmá kì í bá ìjọ ṣọ́ òru mọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Ọ̀kan nínú àwa méjèèjì ní bipolar. Ẹ má bèèrè èwo. Ara kan ni wá. Àìsàn yìí á gbé èèyàn sókè: kò ní sùn, kò ní rẹ̀ ẹ́, owó á máa lọ. Bó bá yá, á wọ́ ọ lulẹ̀ débi pé àtidìde wẹ̀ á di ogun.

Lọ́dún kan, a gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láì fi omi kan ẹnu, a sì ń ṣọ́ òru. Lóru kẹta, àdúrà ń jáde bí iná, a ní òróró tuntun ti dé. Kì í ṣe òróró o! Àìsùn ló jí àìsàn náà. Ọwọ́ ń gbọ̀n, èébì bẹ̀rẹ̀, ó di ilé ìwòsàn. Kíndìnrín ló ń gbé oògùn lithium jáde lára. Bí omi bá gbẹ lára, oògùn náà á pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, á sì di májèlé.

Ní báyìí, aago mẹ́wàá alẹ́, iná ti kú, fóònù wà ní pálọ̀. Aago mẹ́fà àárọ̀, a ti jí, a ń rìn káàdúgbò. A ń jẹun lásìkò, a ń mu omi dáadáa, a kì í ṣàdédé yọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀. Kò sí obì tàbí kọfí lẹ́yìn ọ̀sán. Bí oorun bá sá fún òru méjì, dókítà la máa pè.

Ẹ gbọ́ o, gbogbo èyí kò rọ́pò oògùn. Ìgbà kan wà tí àwa fúnra wa ń sọ fún èèyàn pé kó da oògùn nù, kó ṣáà gbàgbọ́. A ṣàṣìṣe. Ẹ dárí jì wá.

Nígbà tí ayé sú Èlíjà nínú 1 Àwọn Ọba 19, ṣé áńgẹ́lì bá a wí? Rárá. Ó fún un ní àkàrà àti omi, ó jẹ́ kó tún sùn.

Bí irú rẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ pè wá ní kọ̀rọ̀. Ọlọ́run wa kì í tòògbé. Ẹ̀yin ẹ lọ sùn. Ta ló máa ṣe Àmín?