Ta Ló Ń Lọ Ṣe Fàájì Nínú Igbó?

Ẹbí tiwa kì í ṣe ẹbí tó ń gun òkè. Ní Èkó tí a ń gbé, ibi tí igi pọ̀ sí jù lọ tí gbogbo wa ti jọ jókòó rí ni ọgbà tí wọ́n ti ń ṣe ìgbéyàwó, abẹ́ kánópì la sì wà níbẹ̀. Tí a bá jọ rìnrìn àjò lọ sílé ní Òmù-Àrán, òkú ló ń gbé wa lọ. Aṣọ ẹbí tó wà nínú àpótí Mọ́mì lè ka iye ìgbà tí a ti lọ: búlúù ni ti Bàbá Àgbà, aláwọ̀ ọsàn ni ti Ìyá Àgbà, léèsì funfun ni ti àbúrò Dádì. A ó dé ní Ọjọ́bọ, a ó jẹun, a ó jó, a ó sì padà ní ọjọ́ Àìkú. Ilé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ibi ìsìnkú nìkan la mọ̀ nínú ìlú náà. Àwọn tó lè fi ìyókù hàn wá sì ń dín kù lọ́dọọdún.

Ìdí nìyí tí àwa ọmọ mẹ́ta fi fẹnu kò pé kí gbogbo wa lọ sílé lẹ́ẹ̀kan láìsí òkú nílẹ̀. A ò sì fẹ́ lọ jókòó sí pálọ̀ máa wo tẹlifíṣọ̀n. A fẹ́ rí ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀: igi, omi, àpáta.

Dádì bú sẹ́rìn-ín. "Igbó? Kí ni mo gbàgbé síbẹ̀?" Wọ́n ní àwọn àgbà ló sọ pé ilé làbọ̀ sinmi oko, àwọn kò sì gbọ́ ọ rí pé wọ́n ń kúrò nílé lọ sinmi lóko. Mọ́mì ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, kí wọ́n tó lọ sílé-ìwé láàárọ̀, wọ́n á ti lọ odò lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á sì ti ṣẹ́gi bọ̀.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Tí a bá ń wo fọ́tò àwọn tó ń gun òkè lórí Instagram, a máa ń rò pé ojú kan náà ni gbogbo èèyàn fi ń wo igbó. Rárá o. Ẹni tó dàgbà sínú fúláàtì ló ń wo igbó bí ohun tuntun. Ibi iṣẹ́ ni lójú ẹni tí wọ́n ń jí láàárọ̀ kùtù pé kó gbé ọkọ́. Torí kó lè bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ yẹn ló ṣe kàwé dé Èkó. Òbí tó ní òun kò fẹ́ràn igbó lè jẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n jù nínú ilé.

Nítorí náà, a kò kọ́kọ́ wá ibi tí a máa lọ. A bi oníkálukú léèrè pé kí ni kò fẹ́, a sì kọ ọ́ sórí fóònù. Dádì: orúnkún wọn kò gba àtẹ̀gùn. Mọ́mì: tọ́ílẹ́ẹ̀tì tó mọ́, kí ilẹ̀ má sì ṣú bá wa lọ́nà. Àǹtí Àgbà, ẹ̀gbọ́n Mọ́mì: oúnjẹ gbígbóná, àga tó ní ẹ̀yìn. Ọmọ àkọ́bí wa, ọmọ ọdún 11: nẹ́tíwọ́kì. Nígbà tí a kà á tán, kò sí igi tàbí òkè kankan nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ara, ìsinmi àti ìtìjú ló kún ibẹ̀. Ẹni tó ń gbéra fún irú ìrìn báyìí, tí kò bá tíì yanjú ọ̀rọ̀ àga àti tọ́ílẹ́ẹ̀tì, kò tíì bẹ̀rẹ̀.

A wá gbé ìwé náà ti àwọn ibi tí gbogbo ayé mọ̀. Òkè Ìdànrè: àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, orúnkún Dádì ti dáhùn. Omi Olúmìrìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà: ìpele méje ló ní, èèyàn sì ní láti gun òkè kó tó rí èyí tó wà lókè. Ìkógòsì ní Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, bá ìwé wa mu díẹ̀. Àmọ́ Dádì ní bó bá jẹ́ pé dandan ni kí àwọn wọ igbó, igbó ilé àwọn ni kó jẹ́.

Tí ẹ bá wá sọ̀rọ̀ igbó ilé wa, omi Òwu ló máa kọ́kọ́ wá sí gbogbo èèyàn lẹ́nu. Ó wà ní Owá-Kájọlà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn. Wọ́n ní ibi tí omi náà ti ń já bọ́ láti orí àpáta ga tó nǹkan bíi mítà 120. Cocoa House ní Ìbàdàn, tó ní àjà 26, kò ju mítà 105 lọ. A wo fídíò rẹ̀ títí dátà fi tán. Mọ́mì náà wò ó, wọ́n ní ó dára. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ìbéèrè kan, kì í sì í ṣe nípa ejò. "Àwọn ajínigbé ńkọ́?"

Kò sẹ́ni tó lè ní ìyá òun ń ṣojo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, inú ààfin ni wọ́n ká ọba ìlú Kórò mọ́ ní gúúsù Kwara, tí wọ́n sì pa á. Láti ìgbà náà, ìròyìn burúkú kò yéé jáde láti agbègbè yẹn. A kò béèrè lọ́wọ́ Google. A pe mọ̀lẹ́bí wa kan tó ń gbé nílé, òun náà sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ná ọjà gba ọ̀nà yẹn. Ó pè wá padà lálẹ́: "Ẹ jẹ́ kí Òwu ṣì máa ṣàn níbẹ̀ ná." Báyìí la ṣe fa igi lé e. Ó dùn wá o. Ilẹ̀ baba ẹni, orí fóònù lèèyàn ti ń wò ó.

Èsìẹ́ ló kù. Ó sún mọ́ Òmù-Àrán, àárín èèyàn ló wà, a lè lọ ká sì bọ̀ kí oòrùn tó wọ̀. A mú oṣù Ọ̀wàrà, nítorí òjò ti ń lọ sílé, ewé ṣì tutù, ìsinmi Òmìnira sì wà níbẹ̀.

Bí ẹ kò bá mọ Èsìẹ́, ère òkúta tó lé ní 1,000 ló wà níbẹ̀: ọkùnrin, obìnrin, àwọn tó mú idà dání, àwọn tó jókòó lórí àpótí, ọ̀pọ̀ wọn pẹ̀lú irun dídì àti ilà ojú. Inú igbó ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 1933, H. G. Ramsay, tó ń bójú tó àwọn ilé-ìwé ìjọ CMS, jẹ́ kí ìjọba gbọ́ nípa wọn. Nígbà tó di 1945, wọ́n ṣí mùsíọ́ọ̀mù síbẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Títí dòní, àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí ẹni tó gbẹ́ wọn. Nínú ìtàn tí wọ́n ń sọ nílé, àlejò ni wọ́n, wọ́n wá sí ìlú, wọ́n sì di òkúta. Àǹtí Àgbà gbọ́ ìyẹn, wọ́n ní, "Ẹ ò rí i? Fàájì làwọn náà wá ṣe." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí. Mọ́mì dúró pẹ́ níwájú ère obìnrin kan, wọ́n ń fi ìka tọ ìlà irun rẹ̀ lójú afẹ́fẹ́, bí ẹni tó fẹ́ dì í.

Nígbà tí à ń padà ni ohun tí kò sí nínú ètò wa ṣẹlẹ̀. Dádì ní kí dírẹ́bà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko kan tó wà nítòsí àwọn ilé. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láìmú ọ̀pá. "Igi igbá rèé, tí wọ́n fi ń ṣe irú." Kì í ṣe àsìkò èso rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n sọ bí àwọn ṣe máa ń lá ìyẹ̀fun yẹ́lò inú rẹ̀ nígbà tí ebi bá ń pa wọ́n lóko. Mọ́mì náà tẹ̀ lé wọn, wọ́n fi igi òrí hàn wá, wọ́n sọ bí àwọn obìnrin ṣe máa ń jí lọ ṣa èso rẹ̀ kí ẹlòmíì tó dé ibẹ̀. Ọmọ ọdún 11 wa ń tẹ orúkọ àwọn igi náà sínú fóònù, nẹ́tíwọ́kì ò sì sí. A rìn fún ìṣẹ́jú tó lé ní ogójì. Àwa tí a sọ pé a fẹ́ràn igbó la ń béèrè pé ibo ni ká tẹ̀.

Tí ẹ̀yin náà bá ń gbèrò irú ìrìn yìí pẹ̀lú àwọn òbí tó ní àwọn kì í ṣe ẹni igbó, ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ mú lóòjọ́. Ẹ béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ibẹ̀, ẹ tètè lọ, ẹ tètè bọ̀. Ẹ gbé àga dání. Tí àgbà bá ní kí mọ́tò dúró, ẹ jẹ́ kó dúró, kẹ́ ẹ sì pa ẹnu mọ́.

Ìwé yẹn ṣì wà lórí fóònù wa. Mọ́mì ti ní ká fi nǹkan kún un: kí a tún lọ ní oṣù tí èso òrí bá ń já bọ́. Dádì kò fi kún un. Wọ́n kàn ń pe mọ̀lẹ́bí wa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á béèrè bí ọ̀nà Òwu ṣe rí.