Kẹ́ẹ̀gì Oògùn Kòkó

Ẹ̀yìn ilé wa ní Ìta-Ògbólú ni mo gbẹ́ kòtò ẹja àrọ̀ sí. Owó àjọ ìyàwó mi ni a fi ra ọmọ ẹja. Kò pẹ́ tí omi bẹ̀rẹ̀ sí rùn, nítorí ẹ̀gbin ẹja a máa di àmóníà, májèlé sì ni fún ẹja. Mo pinnu láti to ike mẹ́ta lé ara wọn, kí n lu ìdí wọn, kí n kó òkúta wẹ́wẹ́ sí wọn, kí ẹ̀rọ máa da omi lé wọn lórí (bí iná bá wà!), kí ó máa ro padà bí òjò. Afẹ́fẹ́ á wọnú omi. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí á gbé ara òkúta, wọn á máa sọ àmóníà di ohun tí kò le tó bẹ́ẹ̀.

Ahun ni mo fi ṣe é. Kẹ́ẹ̀gì oògùn kòkó kan wà nílẹ̀, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyàwó mi ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo èyí." Mo ní ó ti mọ́. Ní ọjọ́ kejì, ẹja ti kú, wọ́n léfòó. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú àwọn ọmọ.

Ọpọ́n rọ́bà oúnjẹ ni mo lò lẹ́yìn náà, dúdú, kí oòrùn má baà ráyè hu nǹkan tútù sínú rẹ̀. N kò lo páànù, nítorí èròjà ara rẹ̀ lè pa ẹja. Búlọ́ọ̀kù ni mo gbé e lé: lítà omi kan, kílò kan ni, ká má tíì ka òkúta. Ẹja díẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn kòkòrò náà nílò bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó.

Mo ti fi àdá gé kẹ́ẹ̀gì náà wẹ́wẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà fi pọn omi mu.