Ẹ Jẹ́ Kí Dírẹ́bà Rẹjú

Nígbà tí ara màmá mi ò yá, òru mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó tì wọ́n láì sùn. Nígbà tó dọjọ́ kẹta, mò ń gbọ́ ìpè ẹni tí ò pè mí. Mo dúró, ojú mi là, síbẹ̀ oorun ń gbé mi lọ.

Kì í ṣèmi nìkan. Láti ìparí 1963 wọ 1964, Randy Gardner, ọmọ ọdún 17 ní Amẹ́ríkà, lo ọjọ́ 11 láì sùn. Wọ́n ní kó máa yọ 7 kúrò nínú 100; ó dé 65, ó ní òun ti gbàgbé ohun tóun ń ṣe.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fòru lọ kẹ́rù, ẹ wojú dírẹ́bà kẹ́ ẹ tó wọkọ̀. Obì ò lè bá a sùn. Tójú rẹ̀ bá ti pọ́n, ẹ ní kó rẹjú ná. Ọjà tó pẹ́ dé ṣì ṣeé tà.