Ìyá tí ojú ẹ̀ ti lọ ló ń dá fíìmù lẹ́jọ́ nílé ọmọ ẹ̀

"Ta ló ń pa ta?"

Ìbéèrè tí màmá náà bi àwọn ará ilé nìyẹn lálẹ́ Sátidé kan lọ́dún 2023, nígbà tí fíìmù Jagun Jagun ń lọ lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ rí màmá fín o, ojú gbogbo wọn ló wà lára àwọn ọmọ ogun tó ń fi idà bára wọn fà á. Àwọn ọmọ ń pariwo, bàbá wọn alára ti kúrò lórí àga, ó ń nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n bíi pé òun náà wà lójú ogun. Màmá tún un bi lẹ́ẹ̀kejì, "Ẹ̀yin èèyàn yìí, mo ní ta ló ń pa ta?" Nígbà tí kò gbọ́ èsì, ó nawọ́ wá ọ̀pá ẹ̀, ó dìde, ó ń fọwọ́ tọ ògiri lọ sí yàrá. Fíìmù fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí wọ́n tó mọ̀ pé àga ẹ̀ ti ṣófo.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí dùn jù ni ọmọ ẹ̀, torí pé tí ẹ bá dé Ṣómólú l'Ékòó, níbi tí àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí bí eèrà ìdí ṣúgà, tí ẹ bá béèrè ẹni tó fẹ́ràn fíìmù Yorùbá jù, iwájú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọkùnrin yìí ni wọn yóò mú yín lọ. Ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Káàdì ìgbéyàwó ni o, ìwé ètò ìsìnkú ni o, kàlẹ́ńdà ni o, kò sí èyí tí kì í tẹ̀, àmọ́ tí ẹ bá ní kẹ́ ẹ dúró gba iṣẹ́ yín, ọ̀rọ̀ fíìmù lẹ ó máa gbọ́ títí tí iṣẹ́ á fi tán.

Ìyá ẹ̀ yìí kan náà ló sì kó o sí i lára. Lọ́dún 1979 tí Hubert Ògúndé gbé Ayé jáde, ọmọdé tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá ni. Ìyá ẹ̀ fà á lọ́wọ́ wọ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń fi fíìmù náà hàn l'Abẹ́òkúta. Ẹ̀rù àwọn àjẹ́ inú ẹ̀ bà á débi pé abẹ́ ìborùn ìyá ẹ̀ ló wà títí tó fi parí. Ìyá ẹ̀ ló ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún un létí: "Ọ̀ṣẹ́tùúrá ti dé o. Wọ́n ti ń sá. Gbórí jáde, wọ́n ti lọ." Kò gbórí jáde. Títí dòní, tó bá ń sọ̀rọ̀ Ayé, ohùn ìyá ẹ̀ ló máa ń rántí ṣáájú ojú Ògúndé.

Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì fídíò gbòde láwọn ọdún 1990, owó oúnjẹ ló fi ń háyà fíìmù. Ó sì lófin tiẹ̀. Fíìmù tí wọ́n bá ti fi mọ́tò olówó ńlá yí ilé alájà mẹ́ta ká nígbà mẹ́rin kí ẹnikẹ́ni tó lanu sọ̀rọ̀, ó ti pa á nìyẹn. Èyí tí wọ́n bá sì já sáàárín, tí wọ́n ní kéèyàn lọ wá apá kejì ẹ̀ rà, èpè ló máa ń ṣẹ́ fún un. Ohun tó ń dùn ún jù nígbà yẹn ni báwọn èèyàn ṣe ń fi fíìmù Yorùbá ṣe yẹ̀yẹ́, pé owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, pé ààfin ọba nínú ẹ̀ kì í ju pálọ̀ onílé kan lọ.

Ẹ̀yin náà ẹ wá wo bí inú ẹ̀ ṣe dùn tó nígbà tí Aníkúlápó jáde lórí Netflix lóṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Kúnlé Afọláyan kọ́ odidi abúlé fún fíìmù ní Igbójàyè, nípìnlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ilé alámọ̀, aṣọ òfì, ẹṣin, gbogbo ẹ̀ pé. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní ẹni tó bá tún fi fíìmù Yorùbá ṣe yẹ̀yẹ́ lójú òun, kó lọ tẹ ìwé ẹ̀ níbòmíràn.

Ọdún yẹn náà ni wọ́n mú màmá wá sílé ẹ̀ láti Abẹ́òkúta. Àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní gílókómà ni, èyí tó ń jí ojú gbé díẹ̀díẹ̀ láìdunni, èyí tó bá sì ti gbé lọ, kò sí dókítà tó lè dá a padà. Nígbà tí wọ́n fi máa mọ̀, ó ti pẹ́. Obìnrin tó ta àdìrẹ ní Ìtòkú fún ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún, tó jẹ́ pé tó bá wo aṣọ láti òkèèrè, á sọ ilé tí wọ́n ti pa á láró, òun ló wá di ẹni tí wọ́n ń fà lọ́wọ́ lọ sí ilé ìyàgbẹ́. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn dákẹ́ ni, ìdákẹ́ yẹn ló sì ń ba ọmọ ẹ̀ lẹ́rù. Ìdí nìyẹn tó fi ní kí gbogbo ilé máa jọ wo fíìmù ní gbogbo alẹ́ Sátidé, kí màmá máa wà láàárín wọn.

Aníkúlápó ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Màmá gbọ́ ọ dópin, ó sì dájọ́ ẹ̀ lọ́gán. Ó ní ìtàn Sàró tó jẹ́ ahunṣọ, tí ẹyẹ akàlà jí dìde, tí òun náà wá ń jí òkú, ìtàn tó ṣe é dìmú ni, pé béèyàn dijú, á mọ ibi tó ń lọ. Ó ní ojúkòkòrò Sàró gan-an, òun ti mọ irú wọn lọ́jà. "Àmọ́ àwọn ọmọ yẹn ń sáré sọ̀rọ̀ jù. Ta ló ń lé wọn? Ohun tí mo sì gbọ́ láàfin náà ni mo gbọ́ lóko. Ṣé ọ̀rọ̀ ọba àti ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ò yàtọ̀ mọ́ ni?" Ọmọ ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà lásán ni.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n wo Jagun Jagun ló tó mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ó bá màmá lórí bẹ́ẹ̀dì, báàgì ẹ̀ ti wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn.

"Ọkọ mi, ẹ dá mi padà s'Abẹ́òkúta."

"Kí ló dé, Màámi? Ta ló ṣe yín?"

"Kò sẹ́ni tó ṣe mí. Bí mo bá jókòó lémi nìkan lọ́hùn-ún, mo mọ̀ pé mo dá jókòó ni. Kí n wá jókòó láàárín èèyàn mẹ́fà, kí n má mọ ohun tí wọ́n ń pariwo lé lórí?"

Ó kọ́kọ́ gbèjà fíìmù náà, bó ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní fíìmù ogun ni, pé Fẹ́mi Adébáyọ̀ tó ṣe Ògúndìjì ò kí í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni, pé Lateef Adédiméjì tó ṣe Gbọ́tìjà, ọmọkùnrin tó ń bá igi sọ̀rọ̀, fara ṣe é gan-an ni. Màmá jẹ́ kó sọ tán. "Irin tó ń lu irin ni mo gbọ́. Igi wo ló bá sọ̀rọ̀? Èmi ò gbọ́." Ká sọ tòótọ́, màmá ò dúró gbọ́ ọ tán, a ò sì lè fi ìdajì fíìmù dá ẹjọ́ ẹ̀. Àmọ́ ta ló lé e kúrò níbẹ̀?

Ọmọbìnrin ilé náà, tó ń retí àtiwọ yunifásítì, ló la bàbá ẹ̀ lójú sí ohun mìíràn. Ó ní, "Dádì, Màmá Àgbà ò lè ka èyí tó wà nísàlẹ̀ ni." Bàbá ní kí ló wà nísàlẹ̀? Ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni, òun ni gbogbo àwọn ń kà. Ọ̀rọ̀ náà ta á létí. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó mú pépà kàlẹ́ńdà kan bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù, ó fi bo ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n látìgbà tí fíìmù ti bẹ̀rẹ̀. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí àwọn ọmọ fi figbe ta. Wọ́n ní àwọn ò mọ ohun tí wọ́n ń wí mọ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sínú ilé Yorùbá! Gbogbo ọdún tó ti ń yangàn pé òun ń fi fíìmù kọ́ wọn lédè, ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kà. Nínú yàrá kan náà, ẹni tó gbédè ò ríran, àwọn tó ń ríran ò gbédè.

Ìgbà náà ló lọ wá Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání gbé jáde lọ́dún 1999 jáde, èyí tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ìtàn ẹ̀. Ẹni tó bá ti wò ó mọ̀ pé ní ìlú Jógbò, ìlù ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé, pé ọba tí kò bá ṣe ètùtù tó yẹ, tó dé adé idẹ, bó bá fi gbọ́ ìlù ṣaworoidẹ pẹ́nrẹ́n, orí ló máa fọ́ ọ pa. Ṣọ́jà tó fi ìbọn gbàlú, kò síbọn tó pa á, etí ni ikú gbà wọlé sí i lára. Màmá tẹ́tí sí i láì mira. Níbi tí Adébáyọ̀ Fálétí ti ń sọ̀rọ̀, tó ṣe Ọ̀pálábá, ó ní kí wọ́n dá a padà, kí òun tún un gbọ́. Wọ́n dá a padà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ìlù dún lópin, màmá ní, "Ó ti kú. Ẹ má sọ fún mi." Kò sẹ́ni tó sọ fún un lóòótọ́.

Látìgbà náà ni àga ọkùnrin yìí ti sún mọ́ ti ìyá ẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ò bá sí, òun ló ń fi ohùn kékeré ròyìn ẹ̀. Iṣẹ́ náà le ju bó ṣe rò lọ. Fíìmù mìíràn wà tó jẹ́ pé tó bá ti ní "wọ́n ń jà" lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò mọ ohun tó tún kù láti sọ. Òmíràn wà tí wọ́n kàn ń fi aṣọ yangàn, á ní, "Màámi, wọ́n wọ aṣọ tó dáa," màmá á ní kí wọ́n bọ́ ọ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Wọ́n padà sídìí Jagun Jagun, ó sì ròyìn ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tó dé ibi tí Gbọ́tìjà ti ń bá igi wí, màmá mi orí. "Ẹn-ẹn. Ibí yìí dáa. Ẹ ò sọ fún mi." Èyí ló fi ń ṣe àwọn ará ṣọ́ọ̀bù níyàngà títí dòní.

House of Ga'a, tí Bọ́láńlé Austen-Peters gbé jáde lọ́dún 2024, ò rí ojúure ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó gbà pé ohùn Fẹ́mi Branch yẹ Baṣọ̀run Gáà, ohùn tó lè mú ọba gbọ̀n. Ó ní àmọ́ wọ́n sáré jù. Ọkùnrin tó fi ọba ṣeré l'Ọ́yọ̀ọ́, tí Yorùbá torí ẹ̀ máa ń sọ pé bó o bá láyà, kó o ṣèkà, bó o bá rántí ikú Gáà, kó o ṣòótọ́, ṣé inú fíìmù kan ṣoṣo ló yẹ kí wọ́n rọ́ gbogbo ẹ̀ sí?

Ti Lísàbí ló wá dìjà. Ọdún 2024 yẹn náà ló jáde, ọmọ Ẹ̀gbá sì ni màmá. Ó fẹ́ràn ibi ẹgbẹ́ aáró, bí Lísàbí ṣe fi iṣẹ́ oko kó àwọn èèyàn jọ, tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ tó ń báni roko náà ló gbéjà ko àwọn tí Aláàfin rán wá ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Àmọ́ ó ní, "Lísàbí wo ló ń sọ Yorùbá rédíò yẹn? Ẹ̀gbá ló bí i." Ọmọ ẹ̀ ní tí wọ́n bá fi ojúlówó Ẹ̀gbá sọ ọ́, àwọn ará Ìlọrin àti Oǹdó ò ní gbọ́. Màmá ní ṣebí wọ́n kọ Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí màmá fa lẹ́nu àwọn ọmọ yẹn nìyẹn látìgbà tó ti dé.

Èyí tó kẹ́yìn ni Àyìnlá, fíìmù tí Kèlání ṣe lọ́dún 2021 nípa Àyìnlá Ọmọwúrà, ọba orin àpàlà. Ọkùnrin yìí ti wò ó ní sinimá nígbà tó jáde, ó mọ bó ṣe ń parí, ó sì ti ń rò ó lọ́kàn bí òun á ṣe ròyìn ikú ọkùnrin náà fún ìyá òun, torí ó mọ̀ pé olólùfẹ́ ẹ̀ ni ìyá òun. Orin ń lọ, màmá ń fi orí gbè é. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé ilé ọtí, NEPA mú iná lọ. Ó dìde, ó ń wá gálọ́ọ̀nù epo jẹnẹrétọ̀.

"Jókòó, ọkọ mi," màmá ní. "Mo mọ ọ̀nà ibẹ̀."

Inú òkùnkùn yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti ọjọ́ kẹfà, oṣù karùn-ún, ọdún 1980, ìjà tó bẹ̀rẹ̀ lórí alùpùpù, gíláàsì ọtí tó bà á lórí, bí ariwo ṣe gba Abẹ́òkúta kan. Kò sáré. Ó ń fi ohùn àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tọkùnrin tobìnrin, pẹ̀lú Ẹ̀gbá ẹnu ẹ̀. Àwọn ọmọ ò béèrè Gẹ̀ẹ́sì. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti ta kókó sí wọn, wọ́n ń ní kó tún un sọ, ó sì ń tún un sọ. Nígbà tí iná dé padà, kò sẹ́ni tó dìde lọ tan tẹlifíṣọ̀n.

Báàgì náà ṣì wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn o, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

"Màmá Àgbà," àbígbẹ̀yìn ilé bi í, "ẹ̀yin gan-an wà níbẹ̀?"

"Ìtòkú ni mo wà, mo pàtẹ àdìrẹ mi. Ẹni tó mú ìròyìn náà wá, owó mi wà lọ́wọ́ ẹ̀, kò tíì san án."